Orin Tí Kì Í Jẹ́ Kí Etí Délé: Lórí Àwọn Orin Arò Inú Ánímè Ilẹ̀ Japan

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò lọ́jú pọ̀. Orin arò inú ánímè, ìyẹn eré kátúùnù ilẹ̀ Japan, kì í pani lẹ́kún nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn nìkan. Ibi tí wọ́n gbé e sí nínú ìtàn, àti iye ìgbà tí etí wa ti gbọ́ ọ kí ó tó débẹ̀, ni agbára rẹ̀ ti wá. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ àpagbè tọ́ dàgbà tètè máa mọ ohun tí mò ń wí. Orin kan náà ni apàlọ́ máa ń dá tí a ó máa gbè. Nígbà tó bá fi máa dá a kẹ́yìn, tí àṣírí ti tú tàbí tí ọmọ ti sọnù sígbó, ọ̀rọ̀ orin kò yí padà, àmọ́ ọkàn wa kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lórí tẹlifíṣọ̀n Japan, orin kan ló máa ń ṣí ìpín ánímè kọ̀ọ̀kan, òmíràn á sì pa á dé. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90 ni wọ́n máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígé ni wọ́n ń gé orin tó gùn tó ìṣẹ́jú 5 kí ó lè wọ inú àyè yẹn, gígé yìí ni olùwòran á sì máa gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń hun orin náà fúnra rẹ̀ tún ń kún un lọ́wọ́. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà to kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a jọ ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn olórin Japan fẹ́ràn débi pé ọ̀nà ọba ni wọ́n ń pè é. Yóò bẹ̀rẹ̀ lórí kọ́ọ̀dù kẹrin, yóò bọ́ sórí ìkarùn-ún, níbi tí etí ti ń retí pé kó padà sílé, sórí kọ́ọ̀dù kìíní. Kò ní lọ síbẹ̀. Yóò yà sórí ìkẹta, yóò sì wá sọ̀ sórí ìkẹfà, tí ohùn rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́. Etí ń wá ilé, orin kò jẹ́ kó délé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹyọ kan dáadáa, torí mi ò mọ èyí tó mọ iṣẹ́ yìí jù ú lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan láti Sapporo, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Zone, gbé orin kan jáde tó ń jẹ́ Secret Base. Orin ọmọdé méjì tó ń dágbére fún ara wọn ni. Ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kó lọ síbòmíràn, wọ́n ń rántí iná ọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ wò lójú ọ̀run, wọ́n sì ń ṣèlérí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní oṣù kẹjọ, àwọn yóò tún pàdé. Ọdún 2011 pé, ọdún mẹ́wàá gééré, ni wọ́n tún orin yìí kọ fún ánímè kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Anohana. Tatsuyuki Nagai ló darí rẹ̀, Mari Okada ló kọ ìtàn rẹ̀, ìlú Chichibu tí wọ́n ti bí Okada ni ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọdé mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn, Menma, ṣubú sódò, ó kú, ẹgbẹ́ sì tú ká. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Jinta tó jẹ́ olórí wọn kò lọ sí ilé-ìwé mọ́, àfi bí Menma ṣe fara hàn án lọ́jọ́ kan. Òun nìkan ló ń rí i. Menma ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun, àmọ́ kò rántí ohun tí í ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rò pé iná ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe nígbà èwe ni, wọ́n wá owó, wọ́n ṣe é, wọ́n yìn ín sókè. Menma kò lọ. Ohun tó fẹ́ gan-an ni pé ó ti ṣèlérí fún ìyá Jinta, tó ń ṣàìsàn tó padà gbẹ̀mí rẹ̀, pé òun yóò mú kí Jinta sunkún. Jinta ti ń pa ẹkún mọ́ra kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.

Ìdí tí mo fi ń rò ó tó báyìí ni pé ẹkún gan-an ni ẹ̀bùn tí òkú mú bọ̀ nínú ìtàn yìí, orin náà sì ni wọ́n fi gbé e lé wa lọ́wọ́. Nínú ìpín kan sí òmíràn, ìbẹ̀rẹ̀ orin náà máa ń yọ́ wọlé nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ lójú àwòrán, tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Tó bá fi máa di ìpín kọkànlá, tí wọ́n ń fi eré bojúbojú wá Menma nínú igbó, ìró díẹ̀ ti tó fún wa.

Ọ̀nà mìíràn ni Makoto Shinkai, olùdarí fíìmù ánímè, gbà nínú 5 Centimeters per Second, ní 2007. Orin tí Masayoshi Yamazaki ti gbé jáde láti 1997 ló lò, orin ọkùnrin tó ń wá ẹni tó fẹ́ràn kiri, ní òdìkejì ibùdókọ̀ ojú irin, ní ojú fèrèsé inú kọ̀rọ̀, níbi tó mọ̀ dájú pé onítọ̀hún kò lè wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orin yìí gba fíìmù náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu dáwọ́ dúró, ọdún ń sáré kọjá lójú wa, títí dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti kọjá tán tí obìnrin tí ọkùnrin inú fíìmù náà fẹ́ràn láti kékeré kò sì sí ní òdìkejì ọ̀nà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé Shinkai fọkàn tán orin tó dàgbà ju fíìmù rẹ̀ lọ. Orin tó parí Spirited Away ní 2001 náà ti wà kí fíìmù tó wà. Hayao Miyazaki, tó darí fíìmù náà, ti kọ́kọ́ fẹ́ lò ó fún fíìmù mìíràn tí kò wáyé. Ohùn Youmi Kimura àti háàpù kékeré tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ta, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Mo máa ń bínú sí ánímè tó bá ń fi orin fa omijé tí ìtàn kò tíì ṣiṣẹ́ fún. Orin tó ń jẹ́ Homura kò ṣe bẹ́ẹ̀. LiSA ló fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́, Yuki Kajiura ló hun ohùn orin náà, fún fíìmù Demon Slayer ti 2020 tí owó tó pa ní Japan padà ju ti Spirited Away lọ. Wọ́n dúró títí Rengoku, akọni inú fíìmù náà, fi kú, tí ilẹ̀ ti mọ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí orin gbẹnu sókè. Òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi Japan Record Awards lọ́dún yẹn.

Wọ́n sábà máa ń bi mí pé ṣé dandan ni kéèyàn gbọ́ èdè Japan. Rárá. Ẹ padà sórí Secret Base ti 2011. Àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́, Ai Kayano, Haruka Tomatsu àti Saori Hayami, ni wọ́n ya ohùn wọn fún àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta inú eré náà, orúkọ àwọn ọmọ náà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Menma, tó ti kú, wà lára àwọn tó ń kọrin. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìpín mọ́kànlá á dá a mọ̀ láìsí ògbufọ̀. Torí náà, ẹ wo eré náà tán kí ẹ tó wá orin náà lọ sórí YouTube.