Bí Àfòmọ́ Ṣe Ń Bá Igi Tan: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Sẹ́ẹ̀lì

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ọ̀nà tó ń gbà bá igi tan yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Nínú sẹ́ẹ̀lì, pùrótéènì ni àlejò fi ń sọ ara rẹ̀ di ọmọ onílé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa ibà tó burú jù lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń fara pamọ́ sí, ibùgbé tó sì ṣòro gbé nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa tó ti gbó kò ní jíìnì nínú mọ́, kò sì lè ṣe pùrótéènì tuntun. Kò sí ẹni tí àlejò lè bẹ̀ níṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá nílò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é, tí yóò sì kó o jáde láti ara tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì náà. Irú pùrótéènì tó ń kó jáde báyìí lé ní 200. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ rí àmì kúkúrú kan lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, PEXEL, tó ń fi hàn pé ìta ni wọ́n ń lọ. Lọ́dún 2009 ni wọ́n rí ẹnubodè tí àwọn pùrótéènì náà ń gbà kọjá, PTEX.

PfEMP1 ni mo kà sí olórí gbogbo wọn. Ó máa ń yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì, a sì di ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé e dé ibi tí ara ti ń ṣa sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dànù. Bí ìdìmọ́ yìí bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, ó lè gbẹ̀mí ọmọdé. Ara á wá dá PfEMP1 mọ̀, á sì gbógun tì í. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 60 jíìnì ni kòkòrò yìí ní fún un, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. Kí ara tó mojú èyí, àwọn kan nínú kòkòrò náà ti gbé òmíràn wọ̀.

Ti Theileria, kòkòrò mìíràn tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì, tún yàtọ̀. Eégbọn ló ń gbé e wọ ara màlúù. Ó máa ń ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun láti máa pín láìdúró bíi jẹjẹrẹ, òun náà á sì bá a pín. Bí a bá fi oògùn buparvaquone pa kòkòrò náà, ìpínkiri yẹn á dáwọ́ dúró.

Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ló ń darí; onílé náà máa ń darí àlejò. Gbòǹgbò irúgbìn ìdílé ẹ̀wà máa ń fi kẹ́míkà pe bakitéríà rhizobium, bakitéríà náà á fi tirẹ̀, Nod factor, dáhùn, gbòǹgbò á sì kọ́ kókó fún un láti máa gbé. Ṣùgbọ́n nínú Medicago, ọ̀kan lára ìdílé ẹ̀wà, irúgbìn náà ń rọ àwọn pùrótéènì kéékèèké tó ń jẹ́ NCR sínú bakitéríà yìí. Bakitéríà náà á wú, kò sì ní lè bímọ mọ́. Iṣẹ́ sísọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún irúgbìn nìkan ló kù fún un. Lójú tèmi, ohun èlò kan náà ni ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ń lò: pùrótéènì tí wọ́n ń rán sínú ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí PTEX, ẹnubodè pùrótéènì kòkòrò ibà, fi jẹ mí lógún. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ dí ẹnubodè náà nínú ilé ìwádìí: pùrótéènì kò jáde mọ́, kòkòrò ibà náà kò sì lè dàgbà. Dípò ká máa lé 60 ojú PfEMP1 kiri, ẹnubodè kan tí gbogbo wọn ń gbà ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń wá oògùn tuntun dojú kọ.