Ìwé Yín Lè Jáde Láti Àgbádárìgì

Ẹ káàbọ̀ o. Àgbádárìgì ni mo wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ọdún 1845 yẹn náà ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. Ọdún méjì ṣáájú ni ìwé tó fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ti jáde, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa, òkè òkun ló ti di ìwé.

Lónìí ńkọ́? Òǹkọ̀wé tó ń gbé ibí ṣì máa ń gbéra lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Wọ́n á ní kó má wulẹ̀ tẹ ogún ẹ̀dà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí ẹ̀rọ tó tẹ ewé kan ṣoṣo, wọ́n á ti ṣe pílétì, ìyẹn páànù tí wọ́n ń ya ọ̀rọ̀ ìwé sí, wọ́n á ti to ẹ̀rọ, wọ́n á ti bu tàdáwà sí i. Ì báà jẹ́ ogún ẹ̀dà tàbí ẹgbẹ̀rún, owó yẹn kò dín. Tí ẹ bá pín in sórí ogún, ìwé kan á wọ́n bí ojú. Ló fi ń tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí ìdajì á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ikán á fi dé bá a.

Fáìlì ìwé tí èèyàn ń kà lórí fóònù kò nílò pílétì. Ẹni kan rà á, ẹgbẹ̀rún èèyàn rà á, fáìlì kan náà ni. Inú mi dùn sí èyí gan-an nítorí èdè Ògù tí wọ́n ń sọ níbí. Àwọn tó ń kà á lè má pọ̀ tó ohun tí atẹ̀wé á torí ẹ̀ tan ẹ̀rọ, àmọ́ ọgbọ̀n èèyàn tó láti gbé fáìlì jáde fún.

Báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Gboard, áàpù tí Google ṣe fún títẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ẹ fi kún èdè tó wà lórí fóònù yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì ohùn. Àgbọn là ń tà níbí, agbọ̀n la fi ń kó o, agbọ́n ló ń ta ni. Ẹ yọ àmì kúrò, kí ẹ wá sọ èyí tí òǹkàwé máa mú. Fún kọ̀ǹpútà, ọ jẹ́ ẹyọ kan, àmì orí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ mìíràn. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀ á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Torí náà, ẹ ṣí ìwé yín wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí ẹ tó tà á.

Oríṣi fáìlì méjì ló wọ́pọ̀ fún ìwé, PDF àti EPUB. PDF máa ń dúró gbagidi: ojú fóònù kékeré á mú kí òǹkàwé máa fà á sọ́tùn-ún, sósì. EPUB á tún ara rẹ̀ tò bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ sí. Fún ìtàn, EPUB ni mo fọwọ́ sí.

Selar, ọjà orí ayélujára tí ẹ ti lè ta fáìlì yín, ń gba owó náírà fún yín. Lórí ìwé fóònù, Amazon ń san 35 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún òǹkọ̀wé, ó wà lọ́wọ́ iye tí ẹ bá tà á àti orílẹ̀-èdè tí ẹni tó rà á wà. Nọ́ńbà ISBN, tí wọ́n fi ń dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, National Library of Nigeria ló ń fúnni. Ìwé bébà àti ìwé fóònù kì í pín ẹyọ kan.

Ohun kan tó ń ká mi lára: OkadaBooks, áàpù tí wọ́n ti ń ta ìwé fóònù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ló ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa, ó sì kógbá sílé ní 2023. Ẹ tọ́jú fáìlì yín fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí áàpù kan ṣoṣo mọ àwọn òǹkàwé yín jù yín lọ. Ẹ gba nọ́ńbà WhatsApp wọn.

Ìyá tí kò lè ka Yorùbá ńkọ́? Ó gbọ́ ọ. Ẹ wọ yàrá lóru, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ ìbora dí ariwo, ẹ gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sún mọ́ ẹnu, kí ẹ ka orí kìíní sókè fún un.