Gígé Koríko Kọ́ Ni Ẹ̀kọ́ Ìta: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Olùkọ́ Ilé Ìwé Abúlé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Kí n tó sọ̀rọ̀ rárá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan: nígbà tí ẹ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n ń fi àdá ṣe?

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá pẹ́ dé, àdá. Ẹni tó bá pariwo ní kíláàsì, àdá. Ẹni tó bá sọ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ní kó sọ Gẹ̀ẹ́sì, àdá náà ni. Tíṣà á fi ẹsẹ̀ wọn pọ́ọ̀ṣọ̀n fún un, á ní kó gé koríko ibẹ̀ títí dé ìdí igi pánṣéké, oòrùn á sì máa jó o lórí. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ńlá á lọ ro oko tíṣà, wọ́n á ru igi ìdáná bọ̀ nílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà.

Ìdí nìyí tó fi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí ẹnìkan bá ti ìlú ńlá wá sọ fún wa pé ó dára kí ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ níta, nínú koríko, lábẹ́ igi. Àwa ti wà níta tipẹ́. Àwọn mìíràn nínú wa, ìjì ló ká òrùlé kíláàsì wọn lọ tí wọ́n fi bọ́ sábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀: a ti fi ilẹ̀ jẹ ọmọ níyà, a wá ń retí pé kó fojú ire wò ó. Ọmọ tó bá gbọ́ "ẹ jáde síta," ohun tó ń rò ni pé kí lòun ṣẹ̀.

Ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn kí n tó fẹ̀yìn tì wà ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún. Yàrá mẹ́ta, olùkọ́ mẹ́ta, láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà. Ẹ ti mọ̀ pé kíláàsì méjì-méjì la kó fún olùkọ́ kan nìyẹn. Àwọn ọmọ náà kò pé ọgọ́ta. Bí mo bá ń kọ́ ìwé karùn-ún ní ìṣirò, ìwé kẹfà á máa gbá ara wọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àìrójú yìí gan-an ló kọ́kọ́ lé mi jáde, kì í ṣe ìwé tí mo kà.

Ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò ju agolo lọ. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú agolo mílíìkì méjì wá. A fi ìṣó lu ìdí wọn, a bu ilẹ̀ sí i, a gbin ẹ̀wà sí ọ̀kan, a gbin àgbàdo sí èkejì. Láràárọ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á ya ohun tí wọ́n rí. Nígbà tó di bí ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀wà tẹ orí ba, ó fa ọrùn yọ nínú ilẹ̀ bí aláàárù tó ń dìde lábẹ́ ẹrù, ó nàró, kóró náà là sí méjì lókè, ewé yọ láàárín rẹ̀. Àgbàdo ní tiẹ̀ yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. A wá kóró rẹ̀ lókè, a ò rí i. Ọmọbìnrin kan ní ìwé kẹta wo agolo méjèèjì títí, ó ní, "Ẹ̀wà ru ẹrù ẹ̀ dání, àgbàdo fi tiẹ̀ sílé."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya bí irúgbìn ṣe ń hù sára pátákó, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò rí ọmọ tó rántí rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ yìí sọ gbogbo rẹ̀ tán ní gbólóhùn kan, kò sì sẹ́ni nínú kíláàsì náà tó gbàgbé. (Ọmọkùnrin kan wà tó ń hú àgbàdo tiẹ̀ wò láràárọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Àgbàdo náà kú. Ìyẹn náà, ẹ̀kọ́ ni.)

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni ti ebè. Gbogbo wa la mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í ka ebè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Igba-igba ló fi ń kà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Mo mú ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún lọ sí oko tó bá ilé ìwé pààlà, lẹ́yìn tí a ti gbàṣẹ lọ́wọ́ olóko. A wá ibi tí ebè ti tò dáadáa, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún. Mo ní kí wọ́n dúró sí orí ìlà, kí ẹni kọ̀ọ̀kan pe iye ebè tó wà láti ìlà kìíní dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ní ogún. Èkejì ní ogójì. Ẹ̀kẹta ní ọgọ́ta. Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Ibi tí a dé nìyí tí ọmọ kan fi pariwo pé, "Ogún méjì ni ogójì! Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta!" Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láti kékeré. A bá a lọ: ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án, igba. Ìlà mẹ́wàá, igba ebè. Àwọn ọmọ tí mo ti fi ẹgba kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ ogún, tí kò wọlé, ni wọ́n ń pè é lókè ẹnu yìí. Ó ti wà nínú èdè wọn látilẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé orí èmi nìkan ló gbé èyí wá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gà ń sọ, a ní ó ń pàtótó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe sí ọmọ abúlé: ó mọ orúkọ ewé tó lé ní ọgbọ̀n, ó mọ ẹyẹ nípa ohùn rẹ̀, a ní kò mọ sáyẹ́ǹsì torí pé kò mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mẹ́nu ba ẹ̀gà, ó yẹ kí n sọ ti ọ̀pẹ ẹ̀yìn kíláàsì wa. Ẹ̀gà kún un bámúbámú. Wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ràn, mo sì ti rò ó pé kí n ní kí wọ́n gé ọ̀pẹ náà. Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi wò wọ́n. Akọ ló ń ya imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́wẹ́, òun ló ń hun ìtẹ́. Bó bá hun ún tán, á fi ẹsẹ̀ rọ̀ sí ẹnu rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ. Ìtẹ́ tí abo kò bá gbà, tó bá ti ń gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ á tú u palẹ̀, á hun òmíràn. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà fẹ́ràn apá yìí púpọ̀, mi ò sì bi wọ́n ní ìdí.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Ní Jámánì, ní 1840, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Friedrich Fröbel fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lórúkọ tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa gbìn. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ wa, a sì sọ ọ́ ní jẹ́léósinmi. Ó pe tiẹ̀ ní ọgbà ọmọ. Tiwa ni pé kí ilé ṣáà rí ìsinmi!

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiwa mu jù ni George Washington Carver, adúláwọ̀ onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń kọ́ni ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún, oko òwú ni wọ́n ti fi ẹgba mú àwọn òbí àti òbí àgbà wọn ro. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ìjìyà fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, àwọn ni. Síbẹ̀, ní 1910, Carver tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìgbèríko lórí bí wọ́n ṣe lè fi ọgbà kọ́ ọmọ láti wo ewé, kòkòrò àti ilẹ̀ fínnífínní. Ọkọ́ kan náà ni. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ fi ṣe ló yàtọ̀.

Ẹ ò ní rí èyí ṣe bí ẹ ò bá kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òbí. Ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, bàbá kan wọlé wá bá mi ní kùtùkùtù. Kò pariwo. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Oko ni mò ń ro. Oko ni bàbá mi ro. Torí kí èyí má baà ro ó ni mo ṣe rán an wá sọ́dọ̀ yín. Ó wá délé lánàá, ó ní ebè lẹ kọ́ òun."

Mo wá èsì tì. Mo wọ kíláàsì, mo mú ìwé àjákọ ọmọ náà, mo ṣí ojú ewé tó ya ìlà mẹ́wàá sí, pẹ̀lú ogún, ogójì, ọgọ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá yìí kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ebè. Ó wò ó títí. Ó ní, "Òun ló yà á fúnra ẹ̀?" Mo ní òun ni. Ó ní poro kẹrin wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó gbé wá gan-an: "Ilá tẹ́ ẹ gbìn sẹ́yìn ilé ìwé yẹn, bó bá so, ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Ìbéèrè yẹn bà mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ tíṣà, ní ilé ìwé mìíràn, ọmọ ọlọ́mọ ti ru igi wá sílé mi rí, wọ́n ti bá mi kórè ẹ̀gẹ́ rí, mo sì kà á sí ẹ̀tọ́. Bàbá yìí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà la ti fi òfin lélẹ̀: olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú nǹkan lọ sílé láti inú ọgbà. Bí ilá bá wù ú, kó rà á ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Owó rẹ̀, pẹ́ńsùlù la fi ń rà. A sì gbé àdá kúrò nínú ìjìyà pátápátá. Ẹni tó bá pẹ́ dé, a ó bá a wí, ṣùgbọ́n a kò ní fi koríko bá a wí. Bàbá náà gbà lọ́jọ́ yẹn. Kò gbà tán o. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bó bá ń kọjá, á yà wo ilá náà, á kà á.

Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ jù. Ẹ gbin nǹkan ní oṣù Kẹrin, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Ilá kì í ju oṣù méjì lọ kó tó máa so, ẹ ó kórè kí ilé ìwé tó gba ìsinmi gígùn ní oṣù Keje. Ọdún àkọ́kọ́, a gbìn ín pẹ́, àwọn ọmọ lọ ìsinmi, àwọn ewúrẹ́ ló kórè fún wa. Ní ti ejò: kí olùkọ́ kọ́kọ́ rìn yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ọ̀pá, kí ọmọ kankan má ki ọwọ́ bọ ihò, kí fèrè wà lọ́rùn yín. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má dì í pinpin. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Níbi kan tí mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, olùkọ́ kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ dára. Bí olùbẹ̀wò bá wá dé, tó bá kíláàsì lófìfo ńkọ́?"

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ọjọ́ tí ìwé karùn-ún ń wọn gíga igi máńgòrò ni. Wọ́n ri ọ̀pá mítà kan mọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Òjìji máńgòrò jẹ́ mítà 7 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Wọ́n ń pín in lọ́wọ́ ni olùbẹ̀wò yọ, tó sì gbójú lé mi. Kí n tó ṣàlàyé, ó bi ọmọ kan pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi yìí ga ní mítà 9." Olùbẹ̀wò wo òkè igi, ó ní ta ló gùn ún. Ọmọ náà ní, "A ò gùn ún sà. Òjìji ẹ̀ la wọ̀n."

Ó bá wa jókòó síbẹ̀ títí aago fi lù. Nígbà tó ń lọ, ohun kan ṣoṣo ló ní kí a máa ṣe, a sì ń ṣe é: kí nóòtì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ wa, kí a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kíláàsì pé, "A wà lábẹ́ máńgòrò."