Lẹ́tà Ló Kọ́ Mi, Kì í Ṣe Àga Aláwọ̀ Ewé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Adó-Èkìtì nípa ohun tí mo rí kọ́ lókèèrè rèé. Mo ti yọ ìkíni kúrò, torí ní Èkìtì, bí èèyàn bá ní kí òun ka orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níjókòó tán, ilẹ̀ á ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti tì mí. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi mí sí ọ́fíìsì aṣòfin kan ní Westminster, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wà ní London, kí n lọ kọ́ṣẹ́, irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní IT. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, akọ̀wé wọn ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wa ń lọ sí surgery. Àyà mi já. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀gá ni. Mo wọlé lọ bá wọn, mo ní wọn ò ní kú, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú dókítà. Wọ́n wò mí títí. Àṣé yàrá kan nínú ilé ìkówèésí àdúgbò ni, níbi tí aṣòfin máa ń jókòó sí kí àwọn ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀ lè wá rojọ́ níkọ̀ọ̀kan!

Ọ̀kan ò jọ̀kan ni ẹjọ́ wọn: ilé ìjọba tó ń jò, owó ìrànwọ́ tí wọ́n dá dúró, fíìsà ìyàwó tí kò jáde. Ìyá àgbà kan gbé lẹ́tà ojú ewé mẹ́sàn-án wá. Ọ̀gá ní kí n sọ ọ́ di ojú ewé kan, kí a fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Èmi ọmọ Èkìtì, tí mo gba ipò kìíní ní yunifásítì, mo jókòó, mo da gírámà lé e lórí. Ọ̀gá kà á, wọ́n dá a padà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n kọ sí i: "Níbo ni òtútù wà?"

Òtútù ni màmá yẹn ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òtútù kò jẹ́ kó sùn. Èmi kọ ọ̀rọ̀ nípa ètò ilé gbígbé, mo gbàgbé òtútù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un kọ.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́ lókèèrè, ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó níwájú yìí máa ń sọ pé ahọ́n lílọ́ nìkan ni àwọn ọmọ ń lọ kọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó mi gbé. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn rò pé fọ́tò inú ilé ìgbìmọ̀ ló ṣe pàtàkì. Fọ́tò kẹ̀? Yàrá tí àga aláwọ̀ ewé wà yẹn, níbi tí àwọn aṣòfin ń jókòó sí, ò tilẹ̀ gba àwọn tó ni ín. Ní 1941, bọ́ǹbù Jámánì bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́, Churchill, olórí ìjọba wọn nígbà náà, takú pé kò gbọdọ̀ tóbi jù. Wọ́n ṣí i padà ní 1950. Àyè ìjókòó bíi 427 ló wà níbẹ̀ fún aṣòfin 650. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ọ̀nọ́rébù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó pẹ́ dé òde ìgbéyàwó. Bí agogo ìbò bá dún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n ní kí ilẹ̀kùn tó tì, ẹ ó sì rí mínísítà tó ń sáré. Ní ti ìbò kíkà nínú ilé ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ́ àwa níṣirò, àwa tí aṣòfin méje nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yọ olórí ilé ìgbìmọ̀ wa nípò ní 2014. Ẹ ti rẹ́rìn-ín, ó tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lẹ́tà. Ní Adó níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Ọmọ ta ni?" Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè tìtorí bàbá mi gba ojú ewé tí kò dára lọ́wọ́ mi.

Alága ti ń fi agogo hàn mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ó di ọjọ́ mìíràn. Kíá: fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ gboyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé bá wọlé. Bundestag, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, náà ń gba ọ̀dọ́ láti òkèèrè fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Jámánì, kì í sì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò lówó fíìsà. Aṣòfin 26 ló wà nílùú yìí. Ṣé àwọn èèyàn kì í kọ lẹ́tà sí wọn ni?"

Gbọ̀ngàn hó gèè. Mo ká ìwé mi.

Mo ní lẹ́tà lè má pọ̀, ẹnu géètì ló wà. Láàárọ̀ kùtù, èrò ti kún ẹnu géètì ọ̀nọ́rébù: owó ilé ìwé, owó òkú, owó oògùn. Ó fún ẹni yìí ní díẹ̀, ó bẹ ẹni yẹn, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí ogójì èèyàn bá wá sọ ti tiransifọ́má kan náà, ìwé wo ló máa sọ pé ogójì ni wọ́n? Ní Westminster, àjọ ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ àwọn aṣòfin. Òfin 2009 ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo owó ìnáwó wọn gba ìlú kan. Torí ẹ̀ ni irú èmi ṣe rí tábìlì jókòó sí. Mo ní kí ọmọbìnrin náà mú ìwé kékeré kan, kó lọ jókòó sẹ́nu géètì yẹn, kó máa kọ ọ́.

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́, sà?"

Mo ní a ó jọ lọ ni.

"Ọjọ́ wo, sà?"

Mo ní ọjọ́ Jímọ̀.