Ẹ Gbẹ́nu Kúrò Lára Ọmọ, Ẹ Jẹ́ Kó Jẹun

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn o. Èmi nìkan ni mo jókòó síbí lónìí, kò sí àlejò kankan. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà níléèwé, ọbẹ̀ ata sì ń hó lórí iná. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé mo dákẹ́ lójijì, ẹ má fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn alákàrà, ọbẹ̀ ni mo lọ rò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, oúnjẹ àti ara àwọn ọmọ wa.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń bọ̀ ní London: báàgì kan fún aṣọ, gbogbo ìyókù, oúnjẹ ni. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí, irú tí wọ́n fi ọ̀rá wé mọ́ra títí, tó sì tún ń rùn jáde síbẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá ro àmàlà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jẹ tiẹ̀ tán, ó ń lá ọwọ́. Inú Màmá dùn. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n bu àmàlà mìíràn sí i, wọ́n da gbẹ̀gìrì lé e, wọ́n da ewédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n wá fi ọbẹ̀ ata sí àárín. Bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ yẹn padà síwájú ọmọ, wọ́n fọwọ́ kàn án níkùn, wọ́n ní, "Ìyá mi, ikùn yìí ti ń yọ o! O ò rí i pé o ti ń sanra ni? Ó yá, jẹun, má jẹ́ kó tutù."

Ọmọ wò mí. Ó wo abọ́. Ọwọ́ tó ti nà síwájú, ó fà á padà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo fa ewédú kiri létí abọ́.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnu kan náà ló sọ pé kó jẹ, tó tún sọ pé jíjẹ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ká sì sọ tòótọ́, Màmá ò ní ibi kankan nínú. Tiwọn ni pé ọmọ ọmọ àwọn ń yó, ara ẹ̀ ń dán, àwọn sì ń kí i kú oríire. Báyìí ni wọ́n ṣe kí àwa náà. Tẹ́ ẹ bá ti ìrìn àjò dé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè àlàáfíà yín, wọ́n á ti sọ ọ́: "Háà, o ti rù o! Ṣé wọn ò fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ ni?" Tàbí kí wọ́n ní, "Ara ẹ ti bọ̀ sípò, London gbà ọ́." Ẹni tó bá rù, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sanra, ayé ń yẹ ẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Pánla ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo tínrín. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń ní atẹ́gùn á gbé mi lọ. Ìgbà SAP nìyẹn, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀, láti 1986 lọ sókè, tí owó oṣù ò ká oúnjẹ mọ́ lọ́pọ̀ ilé, tí gààrí di ọba lórí tábìlì. Ẹni tó rí ẹran sanra láyé ọjọ́un, a mọ̀ pé bàbá ẹ̀ rí ṣe. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ebi ti pa rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí ìyá mi. Obìnrin tó ti fi omi gààrí ti ara ẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ rí, kó wá rí ọmọ ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú ikùn róbótó, báwo ni ò ṣe ní sọ ọ́ síta?

Ẹ rántí 2001, nígbà tí Agbani Darego gba adé Miss World ní Sun City, ní South Africa. Kò sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kankan tó gbà á ṣáájú ẹ̀. Gbogbo wa yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, bí àwọn ìyá ṣe ń yọ̀ ni wọ́n ń mi orí: "Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó rù jù. Kí wọ́n fún un ní ìyán." Kò pẹ́ sígbà yẹn, lẹ́pa ló di ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀bọ̀ di ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ wà ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fo oúnjẹ alẹ́. Mo ṣàkíyèsí ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò kà á sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, kí ló kàn mí?

Ọmọbìnrin tèmi náà ló wá kàn mí báyìí.

Nítorí àwọn ará ibí náà ní tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2005 sí 2006 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ níléèwé. Tí ọmọ bá wà ní Reception, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n á wọn bó ṣe ga, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Tó bá dé Year 6, kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì, wọ́n á tún ṣe é. Òbí tí ò bá fẹ́ lè kọ̀, wọn kì í sì í sọ iye fún ọmọ, lẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin ẹ wá sọ fún mi, ọmọ Year 6 wo ni ò ní béèrè ohun tí lẹ́tà náà sọ? Ọjọ́ tí tiwa dé, tèmi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ta ló gba "green", ta ló gba "red". Kò sí àwọ̀ kankan nínú lẹ́tà náà o! Àwọn ọmọ ló kun ún fúnra wọn.

Lẹ́tà ní ìwọ̀n ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Mo kà á, mo tẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní, "Ó ní o ti ga sí i." Irọ́ kọ́, ó ga lóòótọ́.

Mo wá lọ wádìí ìṣirò yẹn, torí èmi ni irú ẹni tí kì í lè sùn tí kò bá mọ ibi tí nǹkan ti wá. BMI ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn wúwo jù fún gíga ẹ̀. Wọ́n á mú kílò ẹ, wọ́n á fi gíga ẹ ní mítà pín in, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin ará Belgium kan ló ronú ẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, Adolphe Quetelet. Dókítà kọ́ o. Onímọ̀ ìṣirò tó tún ń wo ìràwọ̀ ni. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe rí lápapọ̀, kì í ṣe ara Lágbájá tàbí Tàmẹ̀dù. Ó wá di 1972 kí Ancel Keys ará Amẹ́ríkà tó fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí. Ti àwọn ọmọdé, wọ́n á tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin.

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ẹ má lọ sọ pé mo ní kẹ́ ẹ fa lẹ́tà ya. Ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ẹbí wa, mo mọ ohun tó fi ojú bàbá mi rí. Ní 2022, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà níbí sọ́nà ní fún àwa àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n máa ka BMI sí pé ó ti ń pọ̀ jù láti 23, dípò 25 tí wọ́n ń lò fún àwọn aláwọ̀ funfun, torí pé ìtọ̀ ṣúgà tètè ń bá wa. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Èmi ló kàn, èmi àti ikùn tí mo gbé sílẹ̀ yìí. Mo ti ń rìn lọ síbi iṣẹ́ dípò bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ara ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yọ sí obìnrin, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe?

Nọ́ńbà ọ̀hún sì ti kún ibi gbogbo. Láti oṣù kẹrin 2022, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé oúnjẹ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 250 sókè gbọ́dọ̀ kọ kálórì, ìyẹn iye agbára tí oúnjẹ ń fún ara, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. A lọ ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní irú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ jẹ. Ọmọ yìí ò dárúkọ oúnjẹ. Ó gbé ìka lé ìwé, ó ń fà á bọ̀ wálẹ̀, ó ní, "Eléyìí, irinwó ó dín mẹ́wàá." Mo ní kí ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà? Ó ní òun ò tíì kà á.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti lẹ́tà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ sí Peckham, ilé àmàlà kékeré kan tí kò sí nọ́ńbà kankan lára ògiri ẹ̀ àfi iye owó. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ bi í, "Àbúrò, ṣàkì ńkọ́? Pọ̀nmọ́ ńkọ́?" Ó ní ṣàkì. Obìnrin náà ní, "Ó mọ nǹkan tó dáa." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó gun àga, ó sì jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀ nínú abọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti yó. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún wa, jẹ ẹ́ tán, ọ̀pọ̀ ń wá a kò rí. Mo gbé e mì. Mo bá a jẹ èyí tó kù.

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ kan wà ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter. Ó ní iṣẹ́ òbí ni láti pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Tọmọ ni láti pinnu bóyá òun máa jẹ ẹ́, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá wo ló ń pinnu? Nílé wa, ẹran ò sí lọ́wọ́ ọmọ títí oúnjẹ á fi tán. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè, ẹ ò gbàgbé. Kí ni ìyẹn kọ́ wa bí kò ṣe olè gan-an? Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò kó má dún: ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ gbé e sókè tààrà, ẹ má yí i. Ẹran gbígbóná á wọ ẹnu, ẹ ò lè jẹ ẹ́, ẹ ò lè tu ú, omi ń dà lójú. Epo ló máa ń tú wa fó, lọ́rùn aṣọ. Ohun tẹ́ ẹ bá fi òfin dè mọ́ ọmọ, ọkàn ẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa ò fi ń pe bísíkíìtì ní oúnjẹ burúkú nílé wa. Ó ń wá, a ń jẹ ẹ́, ó tán, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ó wá ku Màmá. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo lẹ ṣe ń sọ fún ìyá tó bí yín pé kó dákẹ́? Ẹ ò lè sọ ọ́! Lọ́jọ́ àmàlà yẹn, mo dúró títí ó fi di alẹ́, tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ń wo fíìmù wọn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣé fún oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ yìí fẹ́ràn ọwọ́ yín ju tiwa lọ. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ni, ọ̀rọ̀ ikùn yẹn, àwọn ọmọ ibí máa ń gbé irú ẹ̀ sọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ti ara ẹ̀ sílẹ̀." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé mo bú u ni?" Mo ní rárá o, Màmá. Wọ́n ní, "Oyìnbó ti kó yín lọ." Fíìmù ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kí ni kí n wá máa sọ fún un?" Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ ní ewédú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nílé ìdáná. Ìjábẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ, ó ń já a nínú ìkòkò, ewédú ta sí i lójú. Màmá ń pariwo: "Má kàn án gúnlẹ̀! Ọwọ́ òkè! Fi kánún sí i, kékeré!" Wọ́n bú u dáadáa lọ́jọ́ yẹn, lórí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ikùn. Kí n má parọ́, ó ṣì máa ń bọ́ lẹ́nu wọn lórí fóònù, "O ti sanra sí i o," wọ́n á wá yára ní, "Mò ń bi ọ́ léèrè ẹ̀kọ́ ẹ ni."

Ti ọmọ mi ọkùnrin ni mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó tínrín bíi tèmi ìgbà náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́nà Old Kent Road ti sọ fún un tó pé kó jẹun kó lè dà bí ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ara, torí pé ọkùnrin ni. Ó ti wá ń fi owó ọwọ́ ẹ̀ ra ìyẹ̀fun protein, ike ńlá kan, ó ń pò ó mọ́ mílíìkì láàárọ̀, ó ń wo àyà ẹ̀ nínú dígí. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹran inú ìkòkò náà ló tún dé yẹn. Tí mo bá sì dákẹ́, èwo ni mo ń ṣe? Ẹ̀yin tí ọmọkùnrin yín ti kọjá ibẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e síta níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ránṣẹ́ pé kí n fún un ní ìyán. Mo ti ń fún un. Ó dàbọ̀ o, ọbẹ̀ ti ń jóná.