Amọ̀ Etí Odò Ògùn, Hóró Ẹ̀wà Àti Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo amọ̀ iwájú mi yìí, etí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá ni mo ti lọ bù ú láàárọ̀, ó ṣì tutù. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo wá fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i níbùú lóròó, ó rí bí àwọ̀n apẹja. Báwọn ẹnjiníà ṣe máa ń bá kọ̀ǹpútà ṣírò nǹkan líle nìyẹn, wọ́n á pín irin àbí ilẹ̀ sójú àwọ̀n kéékèèké, wọ́n á wá ṣírò bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe fà tàbí tó sún kì. Finite element lorúkọ ẹ̀, ó sì dáa gan-an fún nǹkan tí ò yẹ̀ púpọ̀, bí òpó afárá.

Ó yá, mo fẹ́ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ẹ rí i dáadáa. Ojú àwọ̀n abẹ́ ìka mi ti rún, ìlà méjì ti gorí ara wọn, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Amọ̀ ò ṣe nǹkan kan o, àwọ̀n ló bàjẹ́! Tójú kan bá ti yí inú sóde, ìwọ̀n inú ẹ̀ á kéré sí òdo, ìṣirò á sì dúró síbẹ̀. Èèyàn lè tún àwọ̀n fà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, gbogbo ìgbà téèyàn bá sì tún un fà ni nǹkan díẹ̀ ń sọnù nínú ìṣirò.

Amọ̀ kejì rèé, mi ò fàlà kankan sí i, hóró ẹ̀wà mọ́kànlélógún ni mo rì mọ́nú ẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìwúwo tiẹ̀, eré tó ń sá, àti bí nǹkan ṣe ń tì í tàbí fà á. Tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ, àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló máa bi, ọ̀rọ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló sì máa ń wúwo jù létí ẹ̀. Ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ń pè ní smoothed particle hydrodynamics, SPH ní ìkékúrú, nìyẹn. Ọdún 1977 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Lucy gbé e jáde, Gingold àti Monaghan náà sì gbé tiwọn jáde lọ́dún kan náà, ìràwọ̀ ni wọ́n sì ń fi ṣírò nígbà yẹn! Bí ọdún 1990 ṣe ń wọlé ni Libersky àti Petschek mú un dé ọ̀dọ̀ nǹkan líle. Àléébù ẹ̀ ni pé téèyàn bá ń fa nǹkan ọ̀hún, àwọn hóró lè ṣù jọ kí wọ́n sì já síra wọn, bíi pé nǹkan ti ya, nígbà tí ò ya rárá.

Èyí tó wù mí jù ni material point method, ti Sulsky, Chen àti Schreyer, 1994. Ẹ rò ó bí ọjà Kútọ̀. Àwọn hóró á gbé ẹrù wọn wá sọ́jà, ìyẹn àwọ̀n kan tó wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣírò agbára tó ń tì wọ́n, oníkálukú á gba èsì tiẹ̀, á sì máa lọ síbi tó kàn. Ọjà kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni délé, àwọ̀n yẹn á padà sípò ẹ̀ ní títọ́ fún ìgbésẹ̀ tó kàn, kò ráyè lọ́ pọ̀. Òun ni Disney fi ṣe yìnyín inú fíìmù Frozen lọ́dún 2013, òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń ya wálẹ̀ lára òkè. Ó ń pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ṣá, tí nǹkan yín ò bá yẹ̀ púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́ finite element ni kẹ́ẹ lò.

Ẹ jẹ́ n tẹ amọ̀ ẹlẹ́wà yìí náà. Ẹ wò ó, wọ́n ti sún kúrò níbi tí wọ́n wà, àwọn kan ti wọlẹ̀, àwọn kan ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi kà wọ́n: mọ́kànlélógún ṣì ni.