Ile mẹ́fà tí kò bára tan

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sára bọ́ọ̀dù: ile. Mi ò fi àmì kankan sí i, mo sì ní kí ẹ kà á sókè. Àwọn kan ní "ilé", àwọn kan ní "ilẹ̀". Ẹnìkan níwájú níbí ní kí n lọ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi kí n yéé dààmú èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níhòòhò bẹ́ẹ̀ ná, nítorí bó ṣe wà yẹn gan-an ni àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí ṣe ń kọ ọ́.

Lẹ́nu àwọn ará Poland, ile ni "èló" tàbí "mélòó". Ile to kosztuje? Èló ni wọ́n ń tà á? Ó ní èkejì, tyle, "iye báyìí": ẹ fi ile béèrè, kí wọ́n fi tyle dá yín lóhùn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì, ile ni "pẹ̀lú". Tren ni ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá sọ pé òun bá tren ile wá, ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀. I iwájú rẹ̀ tiẹ̀ máa ń já, tí wọ́n á pè é ní trenle. Ní ti àwọn Basque, níbi tí Faransé àti Sípéènì ti pààlà, irun ni ile. Ó parí.

Ti Swahili ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Nyumba ni wọ́n ń pe ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "ilé yẹn", wọ́n á ní nyumba ile. Ẹ ò rí nǹkan! Ile jókòó ti ilé, kò sì túmọ̀ sí ilé. "Yẹn" ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ń wá ẹbí kiri á ti pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. "Ẹni yẹn" ni mtu yule, "ìwé yẹn" ni kitabu kile. Le kò kúrò lójú kan, òun ló ń nawọ́ sí ohun tó jìnnà. Yu, ki àti i ló ń pààrọ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ lé ló ń yàn wọ́n. Nyumba ló ni i inú ile yẹn.

Ẹ tú tiwa náà wò. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé ní ulé, bí wọ́n ṣe ń pe iná ní uná. Èkìtì kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìjọra wa pẹ̀lú Poland ti fọ́. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá àti Swahili jọ wà nínú agbo èdè ńlá kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Niger-Congo. Èdè lè bára tan kí ọ̀rọ̀ tó jọra nínú wọn má mọ ara wọn rí.

Faransé ló ní ìtàn tó dùn jù. Île ni erékùṣù. Insula ti Látìnì ló bí i, ó wá di isle. S inú rẹ̀ kú lẹ́nu àwọn èèyàn, àmọ́ kálàmù ò gbà pé ó ti kú. Lọ́dún 1740, ìwé atúmọ̀ èdè Akadẹ́mì Faransé yọ irú s bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì dé fìlà kékeré fún fáwẹ́lì tó ṣẹ́ kù, bí ìgbà téèyàn sàmì sí ojú oórì. Àtúnṣe àkọtọ́ ti 1990 wá ní ẹni tó bá wù lè ṣí fìlà náà. Bí wọ́n ṣe kọ ile tán nìyẹn. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, wọn kì í pe e ìparí yẹn rárá.

Gẹ̀ẹ́sì gba isle lọ́wọ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún erékùṣù látijọ́, īegland, tí kò sí s nínú rẹ̀. Àwọn akọ̀wé rí isle, wọ́n rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ni wọ́n bá ki s bọ inú island. S náà wà níbẹ̀ dòní, kò sẹ́ni tó ń pè é. Ìbátan irọ́ ló gbé e débẹ̀.

Kí ló fa irú ìpàdé báyìí? Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní èdè kan ní fáwẹ́lì 5 àti kọ́ńsónáǹtì 15. Ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ tò bíi ti ile, fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì, kò lè ju 375 lọ níbẹ̀. Èdè tó wà láyé sì tó nǹkan bíi 7,000. Báwo ni wọn ò ṣe ní forí gbárí?

Arákùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní ìtumọ̀ ile wọ̀nyí kúkú yàtọ̀ síra. Bí ìró àti ìtumọ̀ bá jọ bára mu ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Australia, onímọ̀ ẹ̀dá èdè R. M. W. Dixon béèrè ohun tí wọ́n ń pe ajá lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè Mbabaram. Ó ní dog. Gbogbo ènìyàn á rò pé ọwọ́ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti gbà á. Rárá o. Gudaga ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, àwọn Yidiny tó wà nítòsí wọn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mbabaram já gu iwájú sílẹ̀, a tó tẹ̀ lé e di o, a ìparí náà lọ. Ohun tó sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wọn ni dog.